Àwọn Tí N Kò Kà Fún Ọ

Ilé wa,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi,
Fìdítì.

Ọláyínká, Àníkẹ́ mi,

Bí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, jókòó kí o tó ṣí i. Mo mọ̀ ọ́. Orí ìdúró ni o ti ń ka gbogbo nǹkan láti ìgbà tí o wà ní kíláàsì kẹta, oúnjẹ lọ́wọ́ kan, ìwé lọ́wọ́ kejì. Èyí kì í ṣe ìwé orí ìdúró. Ara mi le. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí bàbá rẹ gbìn sí oko ọ̀nà Ìlọrà ṣì ń so, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti di ọdún mẹ́fà tí ó ti fi wá sílẹ̀. Mo gé ọ̀kan lánàá, mo pín in sí méjì bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì ti gbé apá tìrẹ kalẹ̀ kí n tó rántí pé kò sí ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Àárò rẹ ń sọ mí, ọmọ mi. N kò ní fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé, ibi tí mo ń lọ jìn.

O pè mí lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn pé wọ́n ti fún ọ ní yàrá ìwádìí tìrẹ ní yunifásítì yẹn, pé ìwọ gan-an ni ọ̀gá níbẹ̀, pé akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ni yóò máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ. O tún sọ pé bí ọdún bá yí, ìwọ àti Tóbi yóò ṣe ìgbéyàwó, ẹ kò sì ní pẹ́ kí ẹ tó bímọ nítorí pé ọjọ́ ń lọ. Mo pariwo ayọ̀ débi pé ìyàwó pásítọ̀ yọjú lójú fèrèsé wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sórí àga bàbá rẹ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti fẹ́ sọ fún ọ lórí fóònù nígbà mẹ́rin. Nígbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé ṣé o ti jẹun. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Mo ṣe tíṣà fún ọdún márùndínlógójì, nítorí náà mo fẹ́ to ọ̀rọ̀ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ṣi nọ́ńbà, fojú fò ó. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mò ń wò.

Èkíní. O ti di ọ̀gá. Ọ̀gá tuntun máa ń fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ti dé. Èmi náà ti ṣe é. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí wọ́n gbà mí sí ilé ìwé ìjọ ní Ìlọrà, ìlú wa gan-an, mo sì fẹ́ kí gbogbo ìlú mọ̀ pé Míìsì ti dé. Àbúrò mi ọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi. Àkànmú ni oríkì rẹ̀. O kò gbọ́ orúkọ yẹn rí, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ láìpẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ìpéǹpéjú rẹ̀ a máa wálẹ̀ bò ó lójú. Bí a bá ní kí wọ́n sáré yí pápá ká, ìdajì ni yóò ṣe tí yóò fi jókòó sínú koríko. Mo rò pé ó ń ya ọ̀lẹ ni, pé ó ń fojú di mí nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Lọ́jọ́ kan mo bi í ní ìṣirò, kò tètè dáhùn, ojú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán. Mo nà án ní ẹgba mẹ́fà níwájú gbogbo wọn. Kò sunkún. Ó fi ìka gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ kan sókè kí ó lè rí mi dáadáa, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Mi ò sùn."

Òkò àbínújù kì í pẹyẹ, Yínká. Lára àwọn ọmọ márùn-ún yẹn, ọ̀kan yóò wà tí yóò máa pẹ́ dé, tàbí tí iṣẹ́ rẹ̀ kì yóò yá. Kí o tó pè é ní ọ̀lẹ, béèrè. Bí ó bá ti dáhùn, tún béèrè, nítorí pé ọ̀wọ̀ ló sábà máa ń wà nínú ìdáhùn àkọ́kọ́, òtítọ́ a sì máa wà nínú èkejì. Èmi kò béèrè rárá.

Èkejì. Má ṣe kọ ohun tí ojú rẹ kò rí sínú ìwé. Mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín, pé èmi tí n kò mọ ẹnu ọ̀nà yàrá ìwádìí ni mo fẹ́ kọ́ ọ ní ìyẹn. Gbọ́ mi ná. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ní Ìlọrà, wọ́n gbé mi lọ sí Ìwaré. Mo ti fẹ́ bàbá rẹ nígbà náà, ó sì ń ti Fìdítì gun kẹ̀kẹ́ wá bá mi ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ní Ìwaré, bí ìgbà iṣu bá dé, ìdajì kíláàsì ni yóò bá òbí wọn lọ sí oko. Mo gbọ́ pé alábẹ̀wò ilé ìwé ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, mo wo ìwé orúkọ mi, mo rí i bí ó ṣe ṣófo. Mo bá fi àmì sí iwájú orúkọ gbogbo àwọn tí kò wá, pé wọ́n wá. Ọkùnrin náà dé, ó yẹ ìwé wò, inú rẹ̀ dùn. Ó wá fi ìka sí orúkọ kan, ó ní, "Míìsì, ẹ pe ọmọ yìí kó wá kàwé fún mi." Kí n tó la ẹnu, àwọn ọmọ kíláàsì ti dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ó wà lóko, sà." Ojú tì mí, n kò lè gbé orí sókè títí ó fi gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Bí iṣẹ́ kan kò bá jáde bí o ṣe rò, tí àwọn àgbà yunifásítì sì ń retí èsì, kọ ọ́ bí ó ṣe rí. Àlàfo inú ìwé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá rí àlàfo yóò béèrè. Ẹni tó bá rí irọ́ tí wọ́n kọ dáadáa yóò gbà á gbọ́, yóò sì máa kọ́lé lé e lórí.

Mo kọ ìyẹn tán, mo gbé bírò sílẹ̀, mo lọ bu omi mu. Nítorí pé èmi ni mo fi irọ́ sínú ìwé tìrẹ.

Ìgbà tí o wálé kẹ́yìn, lọ́dún méjì sẹ́yìn, a jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. Mò ń bó ẹ̀gẹ́, ìwọ tẹ́ ìwé funfun ńlá kan sórí àpótí, o ní o fẹ́ ya ìran wa. Ọkùnrin ni o ya ní onígun mẹ́rin, obìnrin ni o ya ní róbótó, ẹni tó bá ti kú ni o fa ìlà kọjá lára rẹ̀. O ní, "Màámi, ọmọ mélòó ni ìyá yín, Ìyá Ìlọrà, bí?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." O ní, "Kì í ṣe èmi ni mò ń kà á, ìwé ni. Ẹ jọ̀ọ́, Màámi."

O wá ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi. O ní nínú ẹran ara gbogbo wa ni àwọn nǹkan tíntìntín kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí ń sọ oúnjẹ di agbára. Mitokọ́ńdríà ni o pè wọ́n. O ní bí wọ́n bá ní àléébù, ibi tó ń lo agbára jù lára ni àárẹ̀ yóò kọ́kọ́ mú: ojú, etí, ẹsẹ̀, ọkàn. Mo ní ààrò inú ilé ìdáná nìyẹn, o ní ó yé mi dáadáa. Lẹ́yìn náà ni o wá sọ pé, "Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀, Màámi, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ọmọ ti ń gbà á. Bàbá ò fún wa ní nǹkan kan níbẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ìlọrà dé ọ̀dọ̀ yín, láti ọ̀dọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ mi." Ojú rẹ ń dán. Ẹ̀bùn ni o rò pé o fún mi.

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. O rò pé ó gé mi ni. Nígbà tí o tún béèrè, mo ní mẹ́rin ni Ìyá Ìlọrà bí, èmi àti àwọn mẹ́ta tí o mọ̀. O bi mí pé ọmọ mélòó ni èmi náà bí. Mo ní, "Ìwọ àti Kúnlé. Ṣé o rí ẹlòmíràn nílé yìí ni?" Mo fi ìbínú sọ ọ́, mo sì ní kí o ká ìwé rẹ kúrò kí omi ẹ̀gẹ́ má ta sí i. O ká a. O ṣe kẹ́jẹ́ títí o fi wọ mọ́tò lọ́jọ́ kejì, láti ìgbà náà o kò sì tíì wálé. O máa ń ní iṣẹ́ ni. Mo gbà pé iṣẹ́ ni, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ nìkan.

Ẹ̀kẹta nìyí, bí a bá lè pè é ní ẹ̀kẹta. Ọmọ mẹ́fà ni Ìyá Ìlọrà bí. Àwọn méjì tí n kò kà fún ọ ni Àkànmú àti àbúrò rẹ̀ tó tẹ̀lé e, Àjàní. Àjàní ló kọ́kọ́ lọ, nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, kò rìn dáadáa rí. Wọ́n kàn kọ̀wé sí mi ni. Ní ti Àkànmú, ní ọdún tó tẹ̀lé ẹgba yẹn, kò lè gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, bàbá mi ló ń pọ̀n ọ́n wọlé. Etí rẹ̀ di. Kò pé ọmọ ọdún mọ́kànlá tí ó fi kú. N kò ráyè bẹ̀ ẹ́ fún ẹgba mẹ́fà náà. Mo ráyè o, n kò kàn bẹ̀ ẹ́ ni.

Èmi náà, ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Ìwọ kọ́ ni àkọ́bí mi, Yínká. Ọkùnrin ni àkọ́bí mi. Ìwaré ni mo bí i sí, Ayọ̀délé ni a sọ ọ́. Ó sanra, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, bí ó bá sì gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ lójú ọ̀nà, a rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ jáde lọ pàdé rẹ̀. Ó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí ìpéǹpéjú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀. Mo ti rí irú rẹ̀ rí, mo sì mọ ohun tí mò ń wò. Mo ń sọ fún bàbá rẹ pé oorun ló ń kùn ún. Ó ku oṣù kan kó pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tó lọ. Wọn kò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, nítorí òbí kì í rí ojú oórì ọmọ. Àwọn tó wá kí wa ń sọ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Èmi ni wọ́n ń pè ní agbè. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìyá bàbá rẹ, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Ìyàwó, ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nílé yín rí?" Mo ní, "Rárá, mà." O mọ ohun tí àwọn ènìyàn wa máa ń sọ: ọmọ tó dára ni ti bàbá, èyí tí kò dára ni ti ìyá. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn yóò ní kí n máa padà lọ sí Ìlọrà. Nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí Fìdítì, oyún rẹ wà nínú mi. Ẹbí nìkan ló mọ̀ pé mo ti bímọ rí, ẹbí kò sì jẹ́ ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àṣà tí a fi ń dáàbò bo ọmọ alààyè ni mo fi bo òkú ọmọ mi mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi. Bàbá rẹ náà kò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ó gbé kẹ̀kẹ́ yẹn fún ẹlòmíràn, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lọ ju ogún lọ. Ọjọ́ tí o tẹ́ ìwé yẹn sílẹ̀ ni òtítọ́ bá a, mo sì tún gbé irọ́ náà sáré.

N kò mọ̀ bóyá àrùn tí o ń wádìí ni èyí. Ìwọ ni yóò sọ fún wa. Ṣùgbọ́n mú ìwé rẹ jáde, kí o kọ ọ́ síbẹ̀: Àjàní, Àkànmú, Ayọ̀délé. Kọ ọ́ pẹ̀lú pé etí ọ̀tún mi ti ń wúwo kí n tó pé àádọ́ta ọdún. Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, kí o tún ọ̀rọ̀ sọ, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí o bá ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ mi tàbí itọ́ mi, sọ bí n ó ṣe fi í ránṣẹ́, mo ti ṣe tán. Lọ rí dókítà tìrẹ náà, má ṣe máa tọ́jú ara rẹ nínú ìwé. N ó sọ fún Kúnlé fúnra mi bó bá ti Ìbàdàn wálé lóṣù yìí.

Sọ fún Tóbi kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó dé. Sọ gbogbo rẹ̀. Bí ó bá máa sá, jẹ́ kó sá nísinsìnyí, n ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé pẹ̀lú ọkùnrin rere fún ọdún tó pọ̀, n kò sì jẹ́ kó mọ irú ẹni tó fẹ́. Mo rò pé ìfẹ́ ni mo fi pa á mọ́. Ìbẹ̀rù ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ì bá bá mi sunkún, kí àwa méjèèjì sì ní ọmọ yẹn láti máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ló máa ń dùn mí jù bí mo bá jókòó sórí àga rẹ̀.

N kò rántí nọ́ńbà tí mo dé mọ́. Èyí wà fún iṣẹ́ rẹ. Àwọn ìyá yóò máa wá bá ọ pẹ̀lú ọmọ wọn, wàá sì tẹ́ ìwé yẹn síwájú wọn. Bí ìyá kan láti ìlú wa bá ní mẹ́rin ni òun bí, má tètè kọ mẹ́rin. Má tún bi í pé mélòó, nítorí bí o bá ti ní mélòó, o ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ. Fún un ní omi tútù. Sọ fún un pé kó dárúkọ gbogbo àwọn tó ti pọ̀n rí. Ọwọ́ rẹ̀ yóò lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó mọ̀, ẹkún lè gbọ̀n ọ́n, má dá a lẹ́kun. Ká ní o bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò rò pé ǹ bá lè parọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ ọ bí kò ṣe èmi, èmi náà kò sì mọ̀ ọ́n nígbà yẹn.

Bí ọmọ kò bá jọ ṣòkòtò, yóò jọ kíjìpá. Èmi ni o jọ, Àníkẹ́. O máa ń fi iṣẹ́ bo ìbànújẹ́, o máa ń ṣe kẹ́jẹ́ níbi tó yẹ kí o pariwo. Má mú ìyẹn lọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo fún ọ láìmọ̀ ti tó.

Láti ìgbà tí o ti pé ọgbọ̀n ọdún, bí a bá ti fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀ ni mo máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí n gbé ọmọ rẹ jó. Ìwọ a sì dáhùn pé, "Àmín, Màámi," pẹ̀lú ohùn kan tí n kì í fẹ́ gbọ́ dáadáa. Mo ti fi àdúrà yẹn lé ọ kiri. N kò ní gbà á mọ́ àfi bí ìwọ bá ní kí n gbà á. Bí ìwọ àti Tóbi bá wo ọ̀rọ̀ yìí títí, tí ẹ sì ní ẹ óò bímọ, n ó wá pọ̀n ọ́n, ì báà jẹ́ ọdún mẹ́ta péré ni yóò lò láyé. Bí ẹ bá ní ẹ kò ní bí, tàbí pé ẹ óò gba ọmọ tọ́, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu mi ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nínú ẹbí. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́. Ó tó àkókò kí n fi í ṣe ẹnì kan lóore.

Mo mọ̀ pé inú yóò bí ọ sí mi. Ó yẹ kó bí ọ. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe dúró sí ọ̀hún bínú. Wá sílé wá bínú. Jókòó sínú yàrá rẹ, ti ìlẹ̀kùn, má dá mi lóhùn, má jẹ oúnjẹ mi bí o kò bá fẹ́. N ó máa gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ nínú ilé. Ìyẹn náà tó mi.

Èmi ni,
Ìyá Ayọ̀délé, ìyá Yínká, ìyá Kúnlé.